Garawa Tí Stoyna Kọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òdòdó, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìparí.

Stoyna ni aládùúgbò mi ní abúlé wa ní Bulgaria. Ọdún tí Dobrin fẹ́ ẹ ló gbin òdòdó bozhur pupa fún un sábẹ́ fèrèsé. Dobrin kú, òdòdó náà kù. Lọ́dọọdún, ní Sátidé Àwọn Òkú, bí a bá gbé àlìkámà sísè àti wáìnì lọ síbojì, Stoyna a kó bozhur lé ti ọkọ rẹ̀ lórí. Ó ní Dobrin ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó rí koríko tí ewé rẹ̀ ní ilà funfun nínú ọgbà mi.

"Ẹ̀gbọ́n Penka, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí! Ilé mi ti dákẹ́ jù. Ẹ fún mi níbẹ̀."

Mo fún un, pẹ̀lú garawa àlòkù tí mo ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. "Ri èyí mọ́lẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ yọ díẹ̀, kí o wá gbin koríko náà sínú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Koríko lásán lẹ fẹ́ jù sẹ́wọ̀n? Ẹ gbé páànù yín, kò bá ọgbà mi mu!"

Ó gbìn ín bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bozhur. Ọdún kìíní, ó dára. Ọdún kejì, koríko yọrí láàárín bozhur. Stoyna fi ọkọ́ gé e wẹ́wẹ́. Àṣìṣe ńlá! Gbogbo èyí tó gé ló tún hù. Ọdún kẹta, bozhur kò tanná.

Ní Sátidé Àwọn Òkú, koríko nìkan ló mú dé ibojì. Kò lè gbé e sílẹ̀.

"Dobrin, má bínú. Kò sí òdòdó lọ́dún yìí."

Omi bọ́ lójú èmi náà. Ọgbà mi ni koríko náà kúkú ti wá.

Nígbà tí ewé igi ń wọ́, a hú bozhur náà. Koríko ti gún ìdí rẹ̀ já, ìdí náà sì ti rà. Èyí tó kù kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "garawa yẹn ṣì wà?"

Mo gbé e wá. Bozhur la gbìn sínú rẹ̀, kí koríko má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Yóò tó ọdún mẹ́rin kó tó tanná. Stoyna ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ tì í, tó ń bi í pé, "Ṣé wàá bá mi láyé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o! Ohun tó bá ń tàn kálẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbìn ín ni kí ẹ ti fi ààlà sí i, kó má bàa jẹ ohun tí ẹ fẹ́ràn run. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.