Aṣọ Fèrèsé Darsono

Lastri fi aṣọ bátíìkì wé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan bí ẹni pọn ọmọ tuntun, ó gbé e wá sílé Retno ní Kotagede. Retno ló máa ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún ṣe bó ṣe wù ú.

"Mbak Retno, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Mo fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn. Gbogbo fèrèsé tó ń ṣí lójú ẹ̀ ti yí padà, ọ̀la sì ni Mas Darsono ọkọ mi ń ti ìlú Surabaya bọ̀."

"Ṣé ìyẹn ló ń mú ẹ gbọ̀n? Fèrèsé kọ̀ǹpútà náà ń wọṣọ, àwọ̀ àti ìrísí ẹ̀ laṣọ ẹ̀. A máa pààrọ̀ ẹ̀ fún un."

Lastri fi fọ́tò kan hàn án lórí fóònù: ojú kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀. Etí àwọn fèrèsé dúdú bí ewédò, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa wọ́n dé wà lápá òsì.

"Ó dáa tí o ti ya fọ́tò kó tó bàjẹ́," ni Retno wí.

Lastri gbé fóònù náà ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

Wọ́n wá irú aṣọ náà rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. "Fóldà tó máa gbé wà níbí," Retno ṣàlàyé, "àmọ́ ó fara pamọ́. Tẹ bọ́tìnnì méjì yìí pọ̀, wàá rí i."

"Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣèèṣì tẹ̀," Lastri dáhùn jẹ́jẹ́.

Retno ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan aṣọ. "Wo aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí bó ṣe ń dán. Tọkọ ẹ yìí dà bí omi adágún tó ti rà."

"Tiẹ̀ ni mo fẹ́. Etí yẹn sì nípọn jù, Mbak. Ó máa rí i."

"Ọkùnrin wo ló ń wo bí etí fèrèsé ṣe nípọn tó?"

"Mas Darsono."

Retno ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ Darsono. Ọkùnrin náà ló sọ pé Sumi, ìyàwó òun àkọ́kọ́, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Malaysia. Ìyá Sumi ò sì gbúròó ọmọ rẹ̀ láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ kejì, Lastri pè é: ìrísí àwọn lẹ́tà orí fèrèsé ò jọ ti inú fọ́tò. Retno sáré lọ sílé wọn. Bí wọ́n ṣe rí lẹ́tà tó bá a mu ni alùpùpù dún lẹ́nu ọ̀nà. Lastri gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì ọkọ rẹ̀, ó fà á sọ́tùn-ún díẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Darsono wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Mbak Retno! Atẹ́gùn wo ló fẹ́ yín wá?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó jókòó, ó ṣí fèrèsé kan, ó wọ́ ọ lọ sósì, ó wọ́ ọ padà.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan níbí?"

"Eruku ni mo nù, Mas."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ọmọnlé ké lára ògiri, ó dákẹ́. Darsono ṣì ń wò ó.

"Gbé kọfí wá."

Retno tẹ̀ lé Lastri dé ibi ìdáná. "A ti mórí bọ́," ló sọ lábẹ́ èémí. "Kò mọ̀ pé o ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́."

Lastri tan iná sábẹ́ omi, ó fẹnu kan etí rẹ̀: "Ẹ gba ẹ̀yìn jáde, Mbak, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ gan-an ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti àná pẹ̀lú fọ́tò kòtò tó sin Sumi sí tí mo rí nínú ẹ̀, mo kàn ra èyí tó jọ ọ́ kó lè jókòó síwájú ẹ̀ títí wọ́n á fi dé ni."