Gbádébọ̀ Béèrè Àwòrán Ìgbéyàwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi kí ẹ gbọ́ ti Gbádébọ̀ ará Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin náà mọ ìwé, ó mọ òfin, ṣùgbọ́n owú ti ba inú rẹ̀ jẹ́. Àsàkẹ́ tó ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe kọ̀ ọ́, ó lọ fẹ́ Adéṣọjí tó ń hun aṣọ òfì. Bí Gbádébọ̀ bá rí tọkọtaya náà tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lọ lọ́nà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, ìjọba fi Gbádébọ̀ ṣe alábòójútó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin fún un láṣẹ láti gba ìwé ẹgbẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà kó owó olówó jẹ. Adéṣọjí sì ni akápò ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ.

Gbádébọ̀ ní kí ó kó ìwé ẹgbẹ́ wá. Ó kó wọn wá láìjáfara. Gbádébọ̀ yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí àléébù kankan, ìyẹn sì dùn ún wọra. Ló bá tún béèrè ìwé ilé Adéṣọjí. Ìbẹ̀rù mú kí ìyẹn gbé e fún un. Níkẹyìn, ó ní kí ó kó àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wá, kí òun lè mọ̀ bóyá owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó náà.

Àsàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ bá a ní ọ́fíìsì.

“Bùrọ̀dá Gbádébọ̀, ìwé ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ tún ń wá nínú àwòrán mi?”

Gbádébọ̀ kò lè wò ó lójú. Ó ní ohun tó bá wu òun ni òun lè béèrè. Nígbà tí kò rí àwòrán gbà, ó ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ pa. Àwọn ahunṣọ kò rí owó yá ra òwú mọ́. Òfì dákẹ́ ní àgbàlá wọn. Ni wọ́n bá kó ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Ajíbóyè, ní Ìbàdàn.

Ìyá náà gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó wá kọjú sí Gbádébọ̀. Ó ní, “Ìwé tó kan owó ẹgbẹ́ ni òfin ní kí o béèrè. Òfin kò fi ìyàwó oníyàwó sí abẹ́ àyẹ̀wò rẹ.”

Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìwé ilé padà. Nígbà tó dé ilé Adéṣọjí, Àsàkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbàwé, ó dúpẹ́, ó sì bi í bóyá yóò mu omi, bí a ti ń bi àlejò tí a kò mọ̀ rí. Gbádébọ̀ yíjú padà, ó ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣẹ ní ààlà bí oko ti ní ààlà. Ẹni tó bá fi àṣẹ ìlú bọ́ owú inú rẹ̀, àṣẹ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owú náà kò sì ní kúrò. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.