Àyẹ̀wò Àbàtà Olómù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ ọwọ́ Mọ́rèniké sọ pé àbàtà náà ṣì yè. Ó ka ewé gbòdògì, ó ka kókò, gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀. Inú Mọ́rèniké dùn. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí, kò tíì rí àbàtà kan tó yè. Èyí tó bá ti kú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ìjọba máa ń fi kọnkéré dí i pa.

Ó wá ku ilẹ̀. Ewé nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà. Ọwọ́ ènìyàn ló ń yẹ ilẹ̀ wò. Ó ki irin bọlẹ̀, ó fà á yọ. Nínú erùpẹ̀ tó bá irin náà jáde, ìwọ̀n ìka kan péré lókè ló dúdú tó sì tutù. Gbogbo ìsàlẹ̀ pupa, ó gbẹ, ó kúná bí ẹ̀lúbọ́. Ó gbé e símú. Kò rùn rárá, bẹ́ẹ̀ àbàtà tó bá yè gbọ́dọ̀ rùn.

Ó yíjú sí Ìyá Àdùnọlá, arúgbó tí ilé rẹ̀ wà létí àbàtà náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bomi rin ibí?"

Arúgbó náà wo kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Omi mímu tí wọ́n ń pín fún mi ni. Mo máa ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀."

Mọ́rèniké wo ètè rẹ̀ tó ti sán. Ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì sọ fún arúgbó náà, pé àbàtà náà ti kú.

Ìyá Àdùnọlá ò sunkún. "Ọmọ mi," ó ní, "ọ̀sẹ̀ kan tó kù yìí, ṣé wọn ò ní bínú tí mo bá ṣì ń bomi rin ín?"