Wíwú Tí Wọ́n Pè Ní Sísanra

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, pàápàá bí aboyún bá wà nílé yín.

Ní nǹkan bí ọdún 1958, Àṣàkẹ́, ìyá kan ní Ìgbólé-Èkìtì, gba Lọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sílé kó lè bímọ lọ́dọ̀ òun, nítorí pé Ìbàdàn ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ Lọ́lá wú, ojú rẹ̀ náà wú. Inú Àṣàkẹ́ dùn, ẹnu rẹ̀ kò gbélé mọ́.

“Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀!” ló ń wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Uṣu ulé mi nìyẹn!” Iṣu ilé rẹ̀ ló ní ó mú Lọ́lá sanra bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alice, agbẹ̀bí ìlú, kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Lọ́lá, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè dìde. Ó wé rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá.

“Màmá, èyí kì í ṣe sísanra. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó lónìí.”

“Lónìí kẹ̀? Ọ̀túnla ni ìkórè! Ta ni yóò bá mi jó dé iwájú pẹpẹ?”

Ẹ gbọ́ ná! Nítorí ijó! Orí ń fọ́ Lọ́lá gan-an, ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pe ilé wọn síwájú pẹpẹ. Àṣàkẹ́ ti jó síwájú kó tó bojú wẹ̀yìn. Lọ́lá di bẹ́ǹṣì mú.

“Màmá, mi ò rí yín mọ́.”

Ló bá ṣubú, gìrì gbé e.

Àṣàkẹ́ bọ́ sáàárín títì, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí lọ́rì tó kó kòkó.

“Ẹ gbé ọmọ mi, tàbí kí ẹ gun orí mi kọjá!”

Wọ́n já àpò kòkó sílẹ̀, wọ́n tẹ́ Lọ́lá sínú ọkọ̀. Títí dé Ìdó ni Àṣàkẹ́ ń sunkún pé, “Olúwa, èmi ni mo fà á. Má jẹ́ kí n gbé òkú rẹ̀ padà.”

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, dókítà sì gbẹ̀bí ọmọ náà. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọjú.

“Màmá, obìnrin ni. Ìyá ọmọ ti lajú, ó ń béèrè yín.”

Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ ìkórè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ara tu gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọkọ, ẹ ṣọ́ra o! Bí ojú àti ẹsẹ̀ aboyún bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má fi yangàn. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́rì tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ta ló dá lójú nínú yín pé òun náà yóò rí i?