Ilẹ̀kùn Ọ̀tún Mọ́tò Màmá

Ọláṣùmbọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún gbogbo ilé, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti jẹun yó tí wọ́n sì ti lọ sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹwàá, Adégbìtẹ́, tó ń fẹ́ Ọláṣùmbọ̀ sọ́nà, yà kí Bàbá nílé wọn ní Òkè-Àdó. Màmá ò sí nílé. Wọ́n ti bá ìjọ wọn lọ sórí òkè àdúrà, ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó dé. Màmá ò tíì sọ pé àwọn gbà fún Adégbìtẹ́, wọn ò sì tíì sọ pé àwọn kọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn ni pé àwọn ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀: ẹni tí ò mọ nǹkan tọ́jú ò lè mọ ìyàwó tọ́jú.

Bàbá ló wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò òdòdó ńlá kan ti òpó géètì funfun, òógùn ṣì ń bọ́ lójú wọn. Adégbìtẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó yin òdòdó náà, ó ní òun ń lọ sí Àpáta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun, ẹni tí yóò ṣáájú ẹbí òun wá tọrọ ìyàwó. Bàbá bi í pé kí ló fẹ́ wọ̀ lọ. Ó ní mọ́tò èrò ni.

"Mọ́tò èrò kẹ̀? Kòróla Màmá rẹ rèé ní ìdúró."

Ẹ̀rù ba Adégbìtẹ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Màmá kì í yá ẹnikẹ́ni ní Kòróla aláwọ̀ wáìnì yẹn. Bàbá pàápàá, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì máa tan ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ láràárọ̀ ni Màmá gbà wọ́n láyè mọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa lò ó títí di ọjọ́ Àìkú, kó wá dá a padà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí Màmá lè wà níbẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Apá ọ̀tún mọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Bàbá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé awakọ̀ bó ṣe ń jáde, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi bọ́ sí títì.

"Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, òótọ́ ni kó o sọ fún Màmá rẹ. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì."

Adégbìtẹ́ rò ó pé irú àna báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ní Dùgbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá yẹ́lò kan fún ara rẹ̀ gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ ìró kan, tàbí ó rò pé òun gbọ́. Ìgbà tó padà dé ilé rẹ̀ ní Agbowó ló tó yí mọ́tò po. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ti ẹ̀yìn ti họ gbọọrọ, ìyẹ̀ ọ̀dà funfun sì wà lójú ibi tó họ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ yẹn ti kọ ìyàwó fún òun.

Peculiar, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ ń gbélé, ní kó lọ fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Odidi ọṣẹ kan ló lò. Mọ́tò náà wá ń rùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu, ilẹ̀kùn sì họ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ bá Mùstàfá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fọ mọ́tò tó sì ń pa wọ́n ní pọ́líìṣì ní Ring Road. Mùstàfá fi èékánná wọ́ ojú ibi tó họ.

"Kò jìn. Ara òkè ló họ," ó ní. Ó wá tẹ̀ síwájú wo àwọn ìlà róbótó tó bo gbogbo ara mọ́tò. "Ta ló ń fi kànìnkànìn fọ èyí bí ẹní ń fọ ìdí ìkòkò?"

"Bàbá ni."

"Ẹ kú àna."

Ó fi pọ́líìṣì sí i, ó tan ẹ̀rọ lé e lórí, ibi tó họ pòórá. Àmọ́ ilẹ̀kùn náà wá ń dán láàárín ìyókù bí eyín góòlù. Mùstàfá ní àfi kí wọ́n pa ilẹ̀kùn iwájú náà, kí èèyàn má baà rò pé wọ́n jí ti ẹlòmíràn fi sí i. Nígbà tí wọ́n pa ti iwájú, apá òsì wá dà bí ìyá-ìyá apá ọ̀tún. Báyìí ni wọ́n ṣe yí gbogbo mọ́tò po. Ẹ̀rọ ò dé kọ̀rọ̀, ọwọ́ ni Adégbìtẹ́ fi ń ha ibẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́.

Bàbá pè é. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan, ṣé ó ti yí mọ́tò po wò dáadáa? Ó ní kò sí nǹkan kan, sà. Wọ́n ní kó tún wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú sùtánà funfun wọn. Kí Adégbìtẹ́ tó sọ̀ tán ni Bàbá ti dìde.

"Ìyá Ṣùmbọ̀, ẹ wá wo mọ́tò yín o. Ọ̀dọ́ ni ọ̀dọ́ ń jẹ́."

Bàbá lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn ọ̀tún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà. Wọ́n lọ wo apá òsì. Wọ́n tún padà wá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn náà lókè nílẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá?" Màmá bi wọ́n.

Bàbá ní kòkòrò kan ló bà síbẹ̀.

Màmá rọra yí mọ́tò po. Nígbà tí wọ́n dé iwájú, wọ́n rí ojú wọn nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún gèlè wọn wé níbẹ̀.

"Gbìtẹ́," Màmá ní, "sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Bàbá ló kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí.

Ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, kí àwọn àna lè ráyè wọlé, Màmá ní kí wọ́n sún ìkòkò òdòdó tí Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti oṣù Kẹwàá, Màmá rí ìlà ọ̀dà wáìnì gbọọrọ lára òpó funfun ẹ̀yìn rẹ̀, ní déédéé ibi tí ilẹ̀kùn mọ́tò mọ, wọ́n na ọwọ́ sí Bàbá láì wojú wọn, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ Kòróla, wọ́n sì fi lé ọkọ ọmọ wọn lọ́wọ́.