Ó Kúnlẹ̀ fún Mi ní Airport

Láàárín èrò tó kún airport Houston, ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin.

Ìgbéyàwó ló gbé mi wá láti Ìbàdàn. Mi ò rí i sójú rí.

Ó rìn tọ̀ mí wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́..."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn èèyàn ti yọ fóònù. "Say yes!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò wa ti wọ gbogbo group. Ẹni tó yà á ti fi orin ìfẹ́ bo ohùn wa.

"Ẹ wo bó ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu, ayọ̀ yìí pọ̀!"

"Olúwa, èmi ló kàn!"

"Àǹtí, ẹ bá wa bi í, ṣé ó ní àbúrò?"

Mo jókòó sínú apartment ọkọ mi ní Greenspoint, mò ń kà wọ́n. Ẹkún ò tiẹ̀ wá mọ́.

Màmá mi náà rí fídíò yẹn, ó pè láti Ìbàdàn.

"Fèyí, Níyì kọ́ nìyẹn. Eékún méjèèjì ló sì fi kúnlẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ dà?"

"Màmá, Táyéwò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Níyì ń bọ̀ wá pàdé mi ni ọkọ̀ kọlù ú ní freeway. Ó ti kú."

Màmá fi igbe ta, ó ń pe orúkọ Níyì.

Táyéwò ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níyì gbàgbé e sórí tábìlì láàárọ̀. Airport ló ti fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́."

Fóònù mi tún dún. "Congrats, àǹtí!"

Táyéwò gbé lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́.