Akọ̀wé Pe Ẹ̀rọ Wá Jẹun

Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá bá mi fi akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín! Ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Alékúwodò, ó wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Òun ló kọ ìwé ìlò irinṣẹ́ kan tó ń wo iye ṣíà, ìpín okòwò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà, tó ń sọ bóyá ó ti gbówó lórí jù. Ẹ̀rọ AI ni yóò ka ìwé náà, kó fi lo irinṣẹ́ ọ̀hún; káàdì báńkì akọ̀wé ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ fún ìnáwó. Bó bá yé ẹ̀rọ, akọ̀wé di ọ̀gá kékeré. Bí kò bá yé e, kó máa lọ sílé.

Àlàájà Àpìkẹ́, ọ̀gá rẹ̀, wo ojú ìwé àkọ́kọ́.

"'Ẹ káàbọ̀, ẹ jẹ́ ká jẹun'? Ẹ̀rọ lo ń pè wá jẹun?"

"Ọ̀wọ̀ ni, mà. Ẹnu lásán là ń fi pe àlejò. Àlejò á ní á gba ibi ire."

"Gírámà tó kù ńkọ́? Kò yé mi o."

Akọ̀wé yínmú. "Ẹni tó kàwé ló máa yé, mà."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ lè ka ìwé náà, ó ń kọrin:

"Mo mọ̀ ọ́n kọ, mo mọ̀ ọ́n kà,
Ta ni yóò bá mi dọ́gba?"

Ẹ̀rọ kà, kà, kà, kò sọ nǹkan kan nípa ṣíà. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọlọ́kadà gbé kúlà iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọlé.

"Oúnjẹ gbogbo ọ́fíìsì rèé. Káàdì akọ̀wé ni wọ́n fi san án."

Àlàájà yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yé mi nínú ìwé yìí. Mo sì ti ṣe é."

Àlàájà bu òkèlè. "Ọ̀mọ̀wé, wá jẹun."

Akọ̀wé dorí kodò. "Á gba ibi ire, mà."

Ni àwọn yòókù bá jẹ àjẹyó, wọ́n ń fọwọ́ pa ikùn relé.